Òkúta Ọ̀fọ̀

Ọjọ́ tí ìròyìn dé Whitby pé ọkọ Ọbabìnrin kú,
Garbutt ọ̀gá wa ra ọtí fún gbogbo ilé iṣẹ́.
Kò rẹ́rìn-ín o. Ó ṣí fìlà, ó gbé e mọ́ àyà,
ó ní, “Ẹ jẹ́ ká bá wọn kẹ́dùn,”
ó wá fi kún un pé ká máa tètè dé láàárọ̀.

Torí òkúta wa dúdú.
Inú àpáta etíkun ni wọ́n ti ń wà á,
ó dúdú ju ìdí ìkòkò lọ, ó sì fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.
Gbogbo ìyá ọlọ́lá tó fẹ́ bá Ọbabìnrin ṣọ̀fọ̀
ní láti rí i kọ́ sọ́rùn kó tó lè jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ẹkún kan ṣoṣo ní ààfin,
ẹgbẹ̀rún ẹnu ní Whitby ń jẹun lórí rẹ̀.

Èmi Thirza, dídán ni iṣẹ́ mi.
Ìyẹ̀fun pupa la fi ń dán ohun dúdú:
ó ń wọ inú èékánná, ó ń kun ojú wa,
bí a bá jáde lálẹ́, a pọ́n bí ìyàwó tó kun osùn,
àwọn ọmọdé a máa sá fún wa.
Ikọ́ wa náà pupa.

Ọdún kejì ni òkun gbé Ephraim.
Ọkọ̀ apẹja márùn-ún jáde; mẹ́ta padà.
Ẹ gbọ́: èmi tí mo ń dán òkúta ọ̀fọ̀
láti ìdájí títí epo fi ń tán nínú àtùpà,
n kò ní ohun dúdú kankan.
Mo da aró dúdú sínú ìkòkò ọ̀dùnkún,
mo se aṣọ mi kan ṣoṣo, búlúù tí Ephraim fẹ́ràn,
ó ń hó, mo ń fi igi rò ó.
Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ọ̀dùnkún wa fi ní àwọ̀ ojú ọgbẹ́.
Jábésì jẹ ẹ́, kò béèrè.

Nígbà tó di ọdún karùn-ún, oníbàárà ń fà sẹ́yìn.
Garbutt dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀:
“Ó ṣì ń wọ dúdú,” bí ẹni pé òjò rọ̀ sóko rẹ̀.
“Ẹ máa gbàdúrà kí ó má bọ́ ọ.”
Mo sì gba àdúrà náà. Ọlọ́run, má bi mí léèrè.
Mo kúnlẹ̀ lórí pátákó tútù, mo ní:
Má ṣe tu obìnrin yẹn nínú títí òtútù yóò fi kọjá,
ọmọ mi kò ní bàtà.

Lẹ́yìn àmín ni mo rántí ibùsùn.
Bóyá tirẹ̀ fẹ̀ ju gbogbo yàrá mi lọ;
ṣùgbọ́n bí àwọn ìránṣẹ́ bá ti gbé fìtílà lọ,
tí ó na ọwọ́ síbi tí ẹnìkan máa ń sùn sí,
kí ni ó bá níbẹ̀ tí èmi kò bá?
Aṣọ títẹ́. Òtútù.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wo ojú rẹ̀, bóyá wọ́n lè rẹ́rìn-ín lónìí;
Jábésì náà ń wo tèmi.
N kò fa àdúrà náà padà. Mo kàn sọ pé, “Àti èmi náà,”
n kò sì mọ ohun tí mo ní lọ́kàn.

Lónìí, àwọ̀ ti padà sọ́rùn àwọn obìnrin Lọ́ńdọ̀nù.
Garbutt ti ti ilẹ̀kùn pa, ṣúgà ló ń tà.
Ìlẹ̀kẹ̀ kan ló kù lọ́wọ́ mi, èyí tó là lẹ́gbẹ̀ẹ́,
tí ó jù nù tí mo ṣà.
Ẹni tó bá ti dán òkúta yìí rí mọ àrà rẹ̀:
fi pa aṣọ onírun àgùntàn, yóò máa fa nǹkan mọ́ra,
eérú, fọ́nrán òwú, koríko gbígbẹ.
Lálẹ́ àná mo fi pa ẹ̀wù òtútù tí Ephraim fi sílé,
níbi ọrùn, níbi tó ti já,
mo gbé e sún mọ́ iná.
Irun kan ló lẹ̀ mọ́ ọn,
kúkúrú, pupa, ó ká díẹ̀.
Irùngbọ̀n.